Èéfín sìgá oníbátìrì nínú mọ́sálásí

Ìbéèrè: Arákùnrin kan láti Òbantókò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé pé àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fa sìgá oníbátìrì tí wọ́n ń pè ní vape ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí wọn láàárín ìrun Mọ̀gáríbì àti Ìṣáì. Nígbà tí ikọ́ gbé bàbá kan tí ó ní ásímà, wọ́n ní ooru omi lásán ni, pé òórùn rẹ̀ dùn, nítorí náà hádíìsì aáyù kò bá àwọn wí. Ó tún béèrè bóyá èéfín náà ń ba àwẹ̀ ẹni tí ó wà nítòsí jẹ́.

Ìdáhùn: Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà. Hádíìsì tí Jabir, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, gbà wá, tí Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tí wọ́n kó hádíìsì jọ, kọ sílẹ̀, ni ó pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá jẹ aáyù tàbí àlùbọ́sà jìnnà sí mọ́sálásí. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí dúró sí, bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀gbàwá kan tí ó wà lọ́dọ̀ Muslim, Ànábì fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ pé ohun tí ó ń ni ọmọ Ádámù lára ń ni àwọn màláíkà lára. Ìnira ni ìdí òfin náà. Òórùn kàn jẹ́ ọ̀nà tí aáyù ń gbà ni ènìyàn lára ni. Bí aáyù, tí ó jẹ́ oúnjẹ halali, bá lè lé ènìyàn sẹ́yìn mọ́sálásí nítorí ìnira tí kì í pẹ́ lọ, kí ni a ó wí nípa ohun tí ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn? Ó dùn mí pé àwọn tí kò jókòó kéwú níwájú àlùfáà kankan ni wọ́n ń gbé fátíwà kiri lórí fóònù.

Kì í sì í ṣe ooru omi. Oje propylene glycol àti glycerin, pẹ̀lú èròjà adùn àti, lọ́pọ̀ ìgbà, nikotíìnì, èròjà inú tábà tí ń di bárakú, ni wáyà gbígbóná ń sọ di ìkùukùu. Ohun tí ẹni tí ń fà á bá fẹ́ jáde lẹ́nu ṣì ní nikotíìnì àti ẹ̀rún kíkúnná tí ojú kò lè rí nínú, ẹni tí ó jókòó tì í ni yóò sì mí in símú. Àwọn olùṣèwádìí tí wọ́n tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́ kan ní California fún ọdún mélòó kan sọ ní 2022 pé ikọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti àìlèmí dáadáa pọ̀ sí i lára àwọn tí èéfín yìí ń kàn nínú ilé. Òótọ́ ni pé èròjà olóró inú rẹ̀ kéré sí ti sìgá oníná, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tí a lè fẹ́ sójú alásímà. Imaamu wa Maliki gbà á wá nínú Muwatta, ìwé hádíìsì rẹ̀, pé kò sí ìnira, kò sí ìfìnira-san-ìnira. Kí imaamu mọ́sálásí náà dá wọn lẹ́kun, kí àwọn náà sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá yẹn, nítorí ẹ̀tọ́ ẹ̀dá ni wọ́n jẹ.

Ní ti àwẹ̀, ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fa èéfín tùràrí dé ọ̀fun, àwẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní mázíhàbù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Maliki, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti sìgá yìí. Ẹni tí èéfín ẹlòmíràn ká mọ́ láìwá a, àwẹ̀ tirẹ̀ pé, kò ní san án padà.