Ọkọ̀ mi ti rì sómi kó tó dé Èkó: bí mo ṣe gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ dílà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Owó alájẹṣẹ́kù lẹ fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ́wọ́ dílà ní Èkó, oṣù kan ò pé tí gíà rẹ̀ fi ń yọ̀, mẹkáníìkì sì ní ẹnìkan ti tú gíábọ́ọ̀sì yẹn rí, ọ́ìlì tó ki ni wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́ títí ẹ fi sanwó. Dílà wá ń sọ pé ẹ ti wò ó, ẹ ti wà á, ọjà ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kà á, torí gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún èmi náà. Àwọn tó ní kí ẹ gba kámú, ẹ má dá wọn lóhùn. Owó gbà-má-bínú ṣeé gbà. Mo gbà á, ìwé ló sì bá mi gbà á.

Ọdún 2021 ni mo ra jíìpù kékeré tèmi. Ó mọ́ lójú, kápẹ́ẹ̀tì tuntun, òórùn pafúmù ń ta sánsán nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí iná éábáàgì fi tàn tí kò kú mọ́, tí gíláàsì ilẹ̀kùn ń há sí agbedeméjì, tí fáànù éésì ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la. Ọ̀gá rìwáyà tí mo gbé e lọ bá ká kápẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn sókè. Bóòtì tó de àga mọ́lẹ̀ ti dógùn-ún, ẹrẹ̀ gbígbẹ wà nínú ihò tí wọ́n ń fi sípíà táyà sí, ojú ibi tí wáyà ti so mọ́ra ti di aláwọ̀ ewé. Ó ní, "Omi ti bo ọkọ̀ yìí rí." Ìbátan mi kan ní Houston bá mi fi nọ́ńbà VIN rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lára ọkọ̀, wádìí lórí VINCheck, ojú ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ ti NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì adójútòfò ní Amẹ́ríkà. Wọn kì í gba owó níbẹ̀. Ó hàn pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti ka ọkọ̀ náà mọ́ àwọn tó ti ṣòfò. Ìwé ìtàn ọkọ̀ tó wá fowó rà lẹ́yìn náà sọ ìyókù: ìkún omi, Texas, 2017, ọdún tí ìjì Harvey jà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ọ̀rọ̀ "ẹ ti wò ó" yẹn wò, torí òun ni dílà fi ń dẹ́rù ba èèyàn. Òfin ọjà títà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1893, tí Èkó náà ní irú rẹ̀, sọ pé ẹni tó ń fi irú ọjà kan ṣòwò gbọ́dọ̀ ta èyí tó ṣeé tà. Bí oníbàárà bá yẹ ọjà wò kó tó rà á, kò lè torí ohun tó yẹ kó rí nínú àyẹ̀wò yẹn padà wá jà. Ohun tó yẹ kó rí nìkan ni òfin sọ. Ara ọkọ̀ tó tẹ̀ wọnú, táyà tó ti jẹ, gíláàsì tó sán, ìyẹn ti di tiyín. Ohun tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, tàbí nínú gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ti dè padà, ojú lásán kò lè rí i, ọrùn dílà ló wà. Òfin tuntun tún wà lẹ́yìn ìyẹn, òfin ìdáàbòbò oníbàárà FCCPA ti ọdún 2018. Abala 131 rẹ̀ ní oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí kò sì lálèébù. Lóòótọ́, ọkọ̀ àlòkù kì í ṣe tuntun, kò sẹ́ni tó máa bá yín gba owó bréèkì tó ti jẹ padà. Tí dílà bá sì ti sọ àléébù ọ̀hún fún yín kedere kí ẹ tó sanwó, ọ̀rọ̀ yín ò ní lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín gan-an. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló ń ta ọkọ̀ ara rẹ̀, tí dílà kàn jẹ́ ejẹ́ǹtì tó gba owó ẹsẹ̀, ẹsẹ òfin 1893 tí mo sọ yẹn kò mú ẹni náà bó ṣe ń mú oníṣòwò. Orúkọ tó wà lórí rìsíìtì àti orúkọ àkáǹtì tí ẹ sanwó sí ló máa sọ ọ́.

Ẹ má tíì tún gíábọ́ọ̀sì yẹn ṣe o! Mo bẹ̀ yín. Mo mọ bí àìlọ́kọ̀ ṣe ń ni èèyàn lára, ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá ti tú u tó sì ti tò ó padà, ẹ̀rí ti bàjẹ́ nìyẹn, dílà á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ gíà, tí kì í ṣe òun lẹ máa gbéṣẹ́ fún. Kó kọ ohun tó rí sílẹ̀ lórí ìwé tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó kọ iye tí àtúnṣe máa ná yín, kó buwọ́ lù ú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá rìwáyà yẹn kọ fún mi ló kọ́kọ́ mú kí dílà tèmi sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, torí ọ̀gá náà kò ní èrè kankan nínú ọ̀rọ̀ wa. Ẹ tún wá ìpolówó tó fi ta ọkọ̀ náà. Tó bá kọ ọ́ sí WhatsApp pé "first body, gíà ń ṣiṣẹ́ dáadáa", ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín lónìí, kó tó pa á rẹ́.

Ẹnìkan ní kí ẹ kó ọlọ́pàá lọ bá a. Ẹ má ṣe é. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ torí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan mú èèyàn. Bí wọ́n bá mú un, òun ló máa wá pè yín lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ gíà yín á sì sọnù sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ jíjí ni wọ́n tà fún yín, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn ni èyí tó kàn. Èkó ní ilé ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2018 fún gbèsè kéékèèké, Small Claims Court, lábẹ́ májísíréètì. Ẹ lè lọ fúnra yín láìgba lọ́yà, ìlànà wọn sì ni kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Àmọ́ gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ni wọ́n ń gbọ́. Àléébù ọkọ̀ kì í ṣe gbèsè tó dájú. Ẹ̀yin lè pè é ní mílíọ̀nù kan, kí dílà pè é ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Nítorí náà, Citizens Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ̀wé pe dílà tèmi, ó wá. A jọ fà á síwá fà á sẹ́yìn, ó sì gbà níkẹyìn láti san ₦1,200,000 lápapọ̀, kó pín in san lẹ́ẹ̀mejì. A kọ ọ́ sílẹ̀, àwa méjèèjì buwọ́ lù ú. Ó san ìdajì, ó wá bẹ̀rẹ̀ "ẹ padà wá lọ́la, ẹ padà wá lọ́tùn-únla". Kò mọ̀ pé ìwé tó buwọ́ lù yẹn ti sọ àríyànjiyàn wa di gbèsè tí iye rẹ̀ dájú. Mo gba fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó ti ilé ẹjọ́ kékeré yẹn, SCA1, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó san ìyókù kó tó di pé wọ́n fi ìwé ẹjọ́ pè é.

Ní ti ẹlòmíràn tó bá ra tirẹ̀ lẹ́yìn Èkó, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin 2018 kan náà sì fún un láyè láti gba ilé ẹjọ́ lọ tààrà.

Iye tí ẹ máa béèrè ńkọ́? Ohun tó wù yín, mo mọ̀, ni kó gba ọkọ̀ rẹ̀ kó dá gbogbo owó padà. Ẹ lè béèrè é, pàápàá báyìí tí kò tíì pẹ́, torí bí ẹ bá ṣe ń wà á lọ bẹ́ẹ̀ ni òfin á ṣe máa gbà pé ẹ ti gba ọjà náà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n owó yẹn ti wọnú ọkọ̀ mìíràn tí dílà ń dúró dè ní èbúté. Owó àtúnṣe, tàbí kó yọ nínú iye tó ta ọkọ̀ fún yín, ló máa ń yá jáde. Ẹ kọ méjèèjì sínú lẹ́tà, kí ẹ fi ọjọ́ sí i.

Ó lè ní kí ẹ gbé ọkọ̀ wá kí òun bá yín tún un ṣe. Ẹ má yarí, ó lè jẹ́ òótọ́ ló fẹ́ ṣe é. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé òun gba ọkọ̀ náà fún àtúnṣe gíà lówó ara òun, kó kọ ọjọ́ tó máa dá a padà. Kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ara gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí wọ́n má baà yọ ọ́ láti fi àlòkù mìíràn tó burú jù ú lọ rọ́pò.