Àbúrò yín tó kọ nǹkan sára fẹ́ǹsì onífẹ́ǹsì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ọlọ́pàá mú àbúrò yín n'Íléṣà torí ó fi ọ̀dà kọ “ILẸ̀ YÌÍ KÌÍ ṢE TÍTÀ” sára fẹ́ǹsì ẹni tó ra ilẹ̀ ẹbí yín, ó sì fọ́ díẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ẹ wá ń bèèrè iye ọdún ẹ̀wọ̀n. Irú ẹ̀ gan-an ló ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Parakin, n'Ífẹ̀ níbí. Èmi ni mo ṣe onídùúró rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi parí.

Bíba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́ ni wọ́n máa pè é, abala 451 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Ọ̀ṣun. Ọ̀dà nìkan tó ẹ̀sùn, torí onífẹ́ǹsì máa náwó kó tó pa á rẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ló wà nídìí ẹ̀. Tó bá jẹ́ òru ló ṣe é, ó di ọdún 3, àmọ́ òru inú òfin ti bẹ̀rẹ̀ láti aago 6:30 ìrọ̀lẹ́ títí di 6:30 àárọ̀. Nígbà tí ọmọ tiwa lọ síbẹ̀, àwọn alákàrà ẹ̀bá ọ̀nà kò tíì palẹ̀ mọ́. Òru náà ni IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, kọ sílẹ̀. Torí náà, ẹ wádìí aago dáadáa. (Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé kò dáná sun ilé. Ẹ̀wọ̀n gbére nìyẹn.)

Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò ní tẹ́sàn ná. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, abẹ́ ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ní ká “ṣe dáadáa”. Èmi ò san kọ́bọ̀, mo kàn jókòó tì wọ́n ni. Abala 35 ìwé òfin 1999 sọ pé tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé e débẹ̀ tàbí kí wọ́n tú u sílẹ̀, kóòtù sì wà n'Íléṣà. Tí wọ́n bá ní àwọn máa ti bàbá yín mọ́lé dípò ọmọ, Òfin Ọlọ́pàá 2020 kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó gbà wá jù ni pé lọ́yà dé kí ọmọ náà tó kọ sítétímẹ́ǹtì. Ó kọ ọ́ pé ilẹ̀ ẹbí òun ni, wọn ò sì bá ẹ̀ka tòun sọ ọ́ kí wọ́n tó tà á. Òfin ìwà ọ̀daràn yẹn náà sọ pé ẹni tó bá fi òótọ́ inú gbà pé ẹ̀tọ́ òun ni, tí kò ní jìbìtì lọ́kàn, kò jẹ̀bi ọ̀ràn. Ẹnu lásán kò tó o. Ìwé ìṣákọ́lẹ̀ tí bàbá bàbá wa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń dá oko kòkó níbẹ̀, tí ikán ti jẹ létí, la gbé kalẹ̀.

Onífẹ́ǹsì kọ iye owó odindi fẹ́ǹsì àti géètì. Mo mú bíríkìlà lọ síbẹ̀ níṣojú IPO, ó ka búlọ́ọ̀kù: kóòsì (ìlà búlọ́ọ̀kù) méjì òkè ló já, ọ̀dà lásán ló ta sí géètì. Ó kọ tiẹ̀ sínú ìwé, ariwo owó ńlá yẹn sì rọlẹ̀.

Ní kóòtù, wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú títí ó fi sú gbogbo wa. Àwọn àgbà ẹbí ló lọ bá ọkùnrin náà. A tún fẹ́ǹsì mọ, a kùn ún. Tí ọ̀rọ̀ bá ti dé kóòtù, kì í ṣe ẹni tó pe ọlọ́pàá ló ni ẹjọ́ mọ́, torí náà níwájú adájọ́ ló ti sọ pé ó ti tán nínú òun, kí adájọ́ tó fagi lé e. Lọ́yà wa ní ká fi ìlà kan sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ̀yin náà má gbàgbé ẹ̀: pé fẹ́ǹsì tí a tún mọ kò túmọ̀ sí pé a ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn ṣì wà ní Kóòtù Gíga.