Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ ni Kí O Kà, Má Wo Ara Páálí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà ni mò ń gbé. ₦200,000 ni mo rí kó jọ láti ra ẹ̀rọ tí fíìmù àti bọ́ọ̀lù yóò fi máa dún dáadáa ní pálọ̀ wa. Ọlọ́jà kan ní Ìgbọ̀nà fi home theatre tuntun hàn mí, 12,000 wáàtì PMPO ni wọ́n kọ sí páálí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra rìsífà tòkunbọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) tó jẹ́ 80 wáàtì, kí n wá sípíkà sí i. Ṣé 80 lè dún tó 12,000 ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, kò sí 12,000 kankan níbẹ̀. Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi, àmọ́ irọ́ pípa kò tíì sú àwọn tó ń tẹ páálí.

Plọ́ọ̀gì ilé rẹ, 13 amp ni fíúùsì inú rẹ̀ kò lè kọjá. Iná NEPA, lọ́jọ́ tó bá pé, 230 volt ni. 230 lọ́nà 13, 2,990 wáàtì ni. Níbo wá ni ẹ̀rọ tó ń fa iná lára sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ti fẹ́ rí 12,000? Ní kí ọlọ́jà yí i padà, kí o ka iye iná tó ń jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí o bá bá 60 tàbí 80 wáàtì níbẹ̀. Ohun tí kò jẹ, kò lè máa pọ̀ ọ́ jáde.

PMPO, ìyẹn agbára gíga jù tí wọ́n ní ẹ̀rọ lè gbé jáde fún ìgbà díẹ̀ péré, kò ní ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí. Bó bá ṣe wu ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. RMS ni kí o béèrè, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró. Àwọn onírìsífà náà ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tiwọn o: òmíràn a wọn 80 wáàtì nígbà tí sípíkà kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́, tí ohùn sì ti ń ha. Èyí tí wọ́n bá kọ 20 Hz dé 20 kHz sí, ìyẹn láti ohùn tó nípọn jù dé èyí tó tinrín jù tí etí lè gbọ́, tí sípíkà méjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ló ṣeé gbà gbọ́ jù.

Wáàtì tòótọ́ pàápàá kì í ṣe bí o ṣe rò ó. Bí o bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, dB 3 péré ló ń fi kún ohùn (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó). Kí etí tó gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, wo sensitivity sípíkà, ìyẹn bí ó ṣe ń dún tó bí o bá fún un ní wáàtì kan: èyí tó jẹ́ dB 90 yóò fi wáàtì kan dún bí dB 87 ṣe ń fi méjì dún. Sípíkà ni kí èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ bá lọ. Méjì tó dára sàn ju márùn-ún pánda lọ. Bí wọ́n bá kọ 6 ohm sókè sẹ́yìn rìsífà, má so sípíkà 4 ohm mọ́ ọn (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó).

Nípa tòkunbọ̀, ka volt rẹ̀ kí o tó kì í bọ iná. Ti Japan, 100. Ti Amẹ́ríkà, 120. Bí o bá kì í bọ 230, èéfín lo máa rí. Step-down, ẹ̀rọ tó ń sọ 230 di 100 tàbí 120, ni yóò gbà ọ́, kì í ṣe stabilizer, kí agbára rẹ̀ sì ju iye iná tí rìsífà ń jẹ lọ dáadáa. Má sì tú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ, kódà bí o ti yọ ọ́ níná; iná máa ń kù sínú rẹ̀.

Èmi kò rí èyí tí wọ́n fi hàn ọ́, n kò lè ṣe onídùúró fún un. Gbé fóònù rẹ dání, fi orin tí o mọ̀ dáadáa dán gbogbo ẹnu sípíkà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ́tí bóyá ó ń kùn, kí o tó sanwó. Bí ọlọ́jà bá ní òun kò ní jẹ́ kí o dán an wò, máa bá tìrẹ lọ.