Iná kì í jó òjé dànù: fún ẹ̀yin tó fẹ́ fi kòròfo ọta ìbọn ṣe yẹtí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Houston ni mo wà. Ọkọ mi máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, ó sì ti kó ọta tí wọ́n ti yìn wálé títí ó fi kún ike ńlá kan. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn tí màá máa tà, kí n sì ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ kékeré kan fún ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta. Mo rí fídíò kan tó ní kí n kọ́kọ́ kó wọn sínú iná títí wọ́n á fi pọ́n, pé gbogbo májèlé inú ẹ̀ ló máa jóná. Ẹlòmíì ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ sè é. Èwo ló dáa jù? Ṣé mo sì lè yọ́ ọ kí n fi rọ ìlẹ̀kẹ̀ bíi tàwọn ará Ethiopia?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Nínú ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n là sílẹ̀ fún yín, kò sí èyí tí ẹ máa tọ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọ náà, ẹ má ṣe é. Mo ń bọ̀ wá sọ ìdí ẹ̀. Fídíò "jó o kó pọ́n" yìí ni mo fẹ́ jókòó tì, torí ó ti ń lọ láti fóònù dé fóònù, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń bi wá léèrè ẹ̀.

Ohun tó wà nínú ike yín kì í ṣe ọta. Ọta ti lọ, ó ti wọnú yẹ̀pẹ̀ níbi tí wọ́n yìn ín sí. Kòròfo ló kù, ìyẹn ife idẹ tó gbé ọta àti ẹ̀tù dání. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀: àwọn èèyàn mọ̀ pé òjé (lead), májèlé tí à ń sọ yìí, wà nínú ọta, wọ́n wá rò pé bí ọta ṣe fò lọ, òjé ti bá a lọ. Ẹ mú kòròfo kan kí ẹ wo ìdí ẹ̀. Ẹ máa rí fìlà rogodo kékeré kan láàárín, tó tẹ̀ wọnú bíi pé wọ́n fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Praimà nìyẹn. Òun ni abẹ́rẹ́ ìbọn gún tó fi ṣáná sí ẹ̀tù. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ praimà, lead styphnate ni ohun tó ń ṣáná yẹn, òjé sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n tún ń po barium àti antimony mọ́ ọn. Tó bá ti bú, yóò di èérí dúdú tó lẹ̀ mọ́ inú kòròfo. Ẹ fi òwú ìnutí yí inú kòròfo kan lẹ́ẹ̀kan péré: dúdú tó bá òwú jáde yẹn, òjé wà nínú ẹ̀. Kòròfo kan ṣoṣo nìyẹn o. Ike yín kún.

Wọ́n wá ní iná á jó o. Epo, iná lè jó o. Páálí, irun, ẹ̀tù tó ṣẹ́kù, iná lè sọ gbogbo wọn di eérú. Òjé kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́táàlì ni, kò sí nǹkan míì tí iná lè tú u sí. Ní 327°C, ó ti yọ́. Idẹ kò tíì ní àwọ̀ iná kankan lára nígbà yẹn. Kó tó pọ́n fẹ́ẹ́, ó ti ń lọ sí 600°C, òjé sì ti ń bá èéfín gòkè, èéfín tí ojú yín kò ní rí. Lóòótọ́ ló kúrò lára idẹ. Imú yín ló gbà, ó bà sára ògiri, ó bà sórí fìrísà, ó bà sórí kápẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ń jókòó ṣeré lé. Ọmọ á fọwọ́ pa ilẹ̀, á ki ọwọ́ yẹn sẹ́nu. Òjé kò jóná, ilé ló ṣí kúrò.

Ẹni tó bá ń rò pé mo ń sọ àsọdùn, kó rántí Zamfara ní 2010. Wúrà ni wọ́n ń wá níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nínú àgbàlá ilé ni òjé wà nínú ẹ̀. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Mi ò sọ pé ike kòròfo kan tó ti Zamfara. Ọ̀nà tí eruku gbà dé ẹnu ọmọ ni mo ní ó jọra.

Iná tún ní ewu kejì tí fídíò kò dárúkọ. Bí ẹyọ kan bá wà nínú ike tí praimà ẹ̀ kò tíì bú, iná á yìn ín fún yín, àfọ́kù idẹ á sì wá ojú lọ. Ẹ wo ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò ní ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún, tàbí tí ọta ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ẹ má lù ú, ẹ má gbẹ́ ẹ, ẹ má dà ẹ̀tù inú ẹ̀ sílẹ̀. Kí ọkọ yín dá a padà síbi tó ti kó o. Àwọn kékeré tí wọ́n ń pè ní .22, wọn kò ní fìlà láàárín. Inú etí ìdí wọn ni ohun tó ń ṣáná wà, etí yẹn ni ojú abẹ́rẹ́ sì máa ń wà. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọn kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ṣà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti ọsàn wẹ́wẹ́ sàn díẹ̀, torí pé omi ni, kì í gbé eruku. Ṣùgbọ́n idẹ tó ń dán kọ́ ni idẹ tó mọ́. Kíkan inú ọsàn á bó dúdú ara ẹ̀, ojú ẹ̀ á tàn, èérí ṣì lè wà nínú ihò praimà níbi tí ojú kò dé. Nínú ìkòkò ọbẹ̀ wo lẹ sì fẹ́ sè é? Ìkòkò yẹn kò tún gbọdọ̀ padà sí kíṣìnì mọ́. Tó bá sì pẹ́ jù nínú kíkan, idẹ á pọ́n bíi bàbà. Ìdí ni pé idẹ kòròfo jẹ́ 70 bàbà àti 30 sínkì nínú ọgọ́rùn-ún. Kíkan á jẹ sínkì ojú ẹ̀, á ku bàbà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Òòfà ni ká kọ́kọ́ gbé sún mọ́ wọn. Èyí tí òòfà bá fà, irin ni, kódà bí wọ́n bá kùn ún ní àwọ̀ idẹ. Á dípẹtà, ẹ dà á nù. Èyí tó funfun tó sì fúyẹ́, alumíníọ̀mù ni, òun náà kò wúlò. Èyí tó funfun tó wúwo, idẹ tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò ni. Níkẹ́ẹ̀lì máa ń fún etí ọ̀pọ̀ èèyàn ní èéyún àti egbò, torí náà ẹ má fi ṣe yẹtí fún títà. Èyí tó kù ni idẹ gidi, irú kòròfo tí wọ́n ń pè ní 9 mm ló sì máa pọ̀ jù, gígùn ẹ̀ jẹ́ 19 mm.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbòmú tí wọ́n kọ P100 sí. Ìbòmú aláṣọ kò dá nǹkan kan dúró. Ẹ rẹ kòròfo sínú omi ọṣẹ kí eruku má fò, kí ẹ tó fi decapping die, irinṣẹ́ àwọn tó ń tún ọta dì, ti praimà àtijọ́ jáde. Kí ẹ tó tì í, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀: ihò kan láàárín ni irinṣẹ́ yìí ń bá ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ihò wẹ́wẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, irú kòròfo míì tí wọ́n ń pè ní Berdan ni, abẹ́rẹ́ irinṣẹ́ máa kán sí i.

Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná nínú ike tí ẹ kò ní fi ṣe nǹkan míì mọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, àti ṣíbí tíì kan citric acid, ìyẹn kíkan inú ọsàn, sí lítà omi kan. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fọ inú kòròfo àti ihò praimà, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tún fi òwú ìnutí dán an wò. Òwú tó bá ṣì dúdú, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń yí wọn nínú èèpo wólúnọ́ọ̀tì gbígbẹ tí àwọn kan ń tà, ẹ má rà á: eruku òjé ló ń kó jọ. Omi ìdọ̀tí, ẹ má dà á sídìí ewébẹ̀, ẹ má dà á sí síǹkì. Ẹ gbé e lọ síbi tí ìlú yín ti ń gba pàǹtírí olóró.

Ẹnì kan á ní kí ẹ fi oògùn ìdándẹ olóòórùn amóníà nù ún. Rárá o. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íńdíà, kòròfo tí wọ́n kó pamọ́ sí ilé ẹṣin máa ń sán fúnra wọn lásìkò òjò, títí wọ́n fi mọ̀ pé amóníà inú ìtọ̀ ẹṣin ló ń bá idẹ tí wọ́n ti fún mọ́lẹ̀ jà. Idẹ tí ẹ bá tẹ̀ tí ẹ sì lù, fífún ló wà yẹn.

Yẹtí tó rọrùn jù ni ti ìdí kòròfo, tí òkúta dídán kékeré á jókòó sínú ihò praimà ẹ̀. Ẹ fi igi há a mú nínú fáìsì, ẹ fi ayùn alágbẹ̀dẹ wúrà oníbíléèdì 2/0 gé e ní 4 mm láti ìsàlẹ̀. Ẹ má gé e kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: ihò praimà jìn tó 3 mm, bí ẹ bá gé e ní 2 mm, òfìfo ni ẹ máa bá lẹ́yìn, òkúta á já gba ibẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Irinṣẹ́ ìgépáìpù àwọn púḿbà kò lè gé ìdí, ó ki jù. Ẹnu kòròfo tó fẹ́lẹ́ ló wà fún, kódà níbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ ki igi róbótó sínú ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ fi sáńpépà 320 ha ojú ibi tí ẹ gé nínú omi, kí ẹ bọ́ sí 600, lẹ́yìn náà 1000. Nínú omi ni mo wí. Ihò praimà 9 mm fẹ̀ tó 4.4 mm, òkúta dídán 4 mm á jókòó síbẹ̀ dáadáa, ti kòròfo tí wọ́n ń pè ní .45 sábà máa ń fẹ̀ tó 5.3 mm. Gọ́ọ̀mù epoxy alápá méjì ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ìkọ́ etí, ẹ ra ti titanium tàbí fàdákà.

Ẹ tún lè la ara kòròfo ní gígùn kí ẹ tẹ́ ẹ, yóò fún yín ní pátákó bíi 30 mm sí 15 mm, ó tó ewé yẹtí kan. Líle ló le, ó máa sán bí ẹ bá kàn lù ú. Ó ń fẹ́ iná kó tó rọ̀. Lẹ́yìn fífọ̀ tó péye nìkan, níta gbangba, pẹ̀lú ìbòmú. Ibi tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ ni ẹ ti máa rí pípọ́n fẹ́ẹ́ yẹn. Kíá, sínú omi. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tó di àwọ̀ ọsàn, ojú ẹ̀ á hun bí èèpo ọsàn nígbà tí ẹ bá lù ú, kò sì ní dán mọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fi èyí sílẹ̀, pátákó idẹ tuntun kò wọ́n.

Yíyọ́ ńkọ́? Àwọn tó ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ láti ara kòròfo ogun àtijọ́ ní òkè Entoto, lẹ́bàá Addis Ababa, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ ẹ̀yìn kíṣìnì kọ́. Sínkì ń hó ní 907°C, idẹ yìí kì í sì yọ́ tán títí á fi tó nǹkan bíi 955°C. Sínkì ti di èéfín funfun kí idẹ tó ṣàn. Ẹni tó bá fà á símú á rò pé kò sí nǹkan kan, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà ni òtútù àti ibà á dé. Àwọn wẹ́dà wa a máa mu mílíìkì agolo sí i, àwọn míì a lá epo pupa. Inú ìfun ni mílíìkì ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín wà. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé?

Ọ̀rọ̀ ọmọ wá kàn. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí òjé inú nǹkan ọmọ tí kò ju ọdún 12 lọ kọjá 100 nínú mílíọ̀nù kan. Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe kòròfo, ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí fún un gba òjé tó 700 nínú mílíọ̀nù kan láàyè. Ẹ fọ̀ ọ́ títí di ọ̀la, ara idẹ náà ṣì lè kọjá òfin, ọmọ ọdún mẹ́ta sì ń fi ẹ̀gbà ọwọ́ sẹ́nu. Ọ̀ṣun ni wọ́n ń kì ní afidẹrẹmọ. Irú idẹ yìí kọ́ ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ. Tí ẹ bá ń tà á, ẹ kọ ọ́ síwájú páálí pé àgbàlagbà nìkan ló wà fún.

Mi ò kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ibi ìyìnbọn bóyá wọ́n gbà kí oníbàárà kó kòròfo lọ. Ibòmíì, tiwọn ni ohun tó bá ti bọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá ń bọ̀ nílé fún Kérésì, ẹ má dì í mẹ́rù. Ẹni tó bá rí i nínú ẹ̀rọ ìyẹ̀rùwò kò mọ̀ pé yẹtí ni. Ẹ̀yin tó wà nílé tí ẹ ń bi wá bóyá ẹ lè ṣa kòròfo níbi tí wọ́n ti yìnbọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Kí ẹ tó ra irinṣẹ́ kankan, ẹ gbé ike yẹn kúrò nínú ilé lónìí, ẹ fi aṣọ tútù nu ibi tó wà, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Kí ọkọ yín máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kó sì fọ aṣọ tó wọ̀ lọ yìnbọn lọ́tọ̀. Tí ọmọ bá ti ń fi kòròfo yẹn ṣeré, ẹ sọ fún dókítà pé kó yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Láti 2021, máíkírógíráàmù òjé 3.5 nínú desílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni CDC, àjọ ìlera Amẹ́ríkà, ń lò láti mọ ọmọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tètè mójú tó. Ẹ má dúró de àmì àìsàn kí ẹ tó lọ, òjé lè wà lára ọmọ kí ara ẹ̀ má sọ nǹkan kan.