Tí hẹlikọ́pítà bá já sómi, ṣé kéèyàn tètè tú bẹ́líìtì ni?

Rárá o, má tíì tú u, dúró kó dẹ́kun yíyí kí omi sì kún inú ẹ̀ ná. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà lókè, orí ló wúwo jù, ó sábà máa ń dojú dé, kódà ẹni tó ń wẹ ọ̀sà Àjàṣẹ́ láti kékeré lè má mọ ibi tókè wà mọ́. Fi ọwọ́ kan di etí fèrèsé mú, ìkejì lórí bẹ́líìtì, mí kanlẹ̀ kómi tó bò ẹ́, ti fèrèsé síta, ìgbà yẹn lo wá tú bẹ́líìtì kó o fa ara ẹ jáde, má sì jọ̀wọ́ etí fèrèsé yẹn rárá. Ìta ni kó o ti fẹ́ jilé, ìyẹn ẹ̀wù tó ń múni léfòó lórí omi, tó o bá fẹ́ ẹ nínú, á há ẹ mọ́bẹ̀. Tí ò bá dojú dé ṣá, awakọ̀ ni kó o gbọ́ tiẹ̀.