Ṣé estrogen tí mo lẹ̀ mọ́ ara ń ba ààwẹ̀ mi jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: As-salāmu alaykum, Ààfáà. Ẹni ọdún 41 ni mí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin méjèèjì. Dókítà fún mi ní estrogen, họ́mónù tí ilé ẹyin máa ń pèsè, tí mò ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn bíi pílásítà, ó sì fi calcium kún un nítorí egungun mi. Nínú ààwẹ̀, mo máa ń ṣí i kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́, màá lẹ̀ ẹ́ padà lẹ́yìn ìṣínu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n kúkú pa á tì, pé yíyí ẹ̀dá Ọlọ́run padà ni.

ÌDÁHÙN: Wa alaykumus-salām, arábìnrin mi. Kí Allāhu fún yín lálàáfíà.

Ẹ má ṣí i mọ́. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkìhì (òfin ẹ̀sìn Islam) àgbáyé tó jókòó ní Jeddah lọ́dún 1997 ti là á kalẹ̀ pé ohun tó bá gba awọ ara wọlé, ìpara tàbí oògùn àlẹ̀mọ́ra, kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe jíjẹ, kì í ṣe mímu. Bí ẹ ṣe ń ṣí i tí ẹ tún ń lẹ̀ ẹ́ padà yẹn, etí rẹ̀ á ti ká sókè, kò ní lẹ̀ dáadáa mọ́, oògùn á sì máa ṣòfò.

Calcium tí ẹ ń gbé mì ló ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ ìṣínu àti sààrì. Bó bá di pé wọ́n fún yín ní alendronate, oògùn tó ń mú egungun le, òun kò fẹ́ oúnjẹ nínú rárá: ẹ dìde ṣáájú sààrì, ẹ fi omi lásán gbé e mì, kí ẹ má sì dùbúlẹ̀ tàbí jẹun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ìfẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé ẹyin yín ìbá máa pèsè títí di nǹkan bí ọdún 50 ni iṣẹ́ abẹ gé kúrò lójijì. Bí estrogen bá lọ báyìí, egungun a máa fúyẹ́ kíákíá, pàápàá láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹni tó ń dá ohun tó sọnù padà kò yí ẹ̀dá padà. Ànábì (ṣ.a.w.) ló ní ká máa tọ́jú ara wa. Ànábì Zakariyyah náà kò fi tirẹ̀ pamọ́: nínú Sūratu Maryam, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún Olúwa rẹ̀ ni pé egungun òun ti rọ.

Àlùwàlá kò kan oògùn àlẹ̀mọ́ra yìí. Nǹkan oṣù ti lọ, ìwẹ̀ jánábà nìkan ló kù. Bí ìwẹ̀ náà bá bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ ń pààrọ̀ rẹ̀, ó dára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ṣíṣí rẹ̀ bá máa bà á jẹ́, ẹ fi ọwọ́ tí ẹ ti fi omi rẹ pa òkè àlẹ̀mọ́ra náà bí ẹni tó di ọgbẹ́.

Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí Ramadan tó wọlé. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti ń ṣí i, kí ẹ sì bèèrè ìgbà tí wọ́n máa yẹ egungun yín wò.