Ọmọ mọ Òfin Mẹ́wàá sórí, síbẹ̀ ó ń yọ owó ọjà

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, wà ní iléèwé Kátólíìkì kan níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó mọ Òfin Mẹ́wàá láìṣì kà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ká a mọ́ ibi tó ti ń yọ owó gààrí tí mo ń tà ní Tákíè, ó sì ń búra pé òun kọ́. Kí ni iléèwé yìí ń kọ́ ọ gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, màmá. Ẹ má tíì mú un kúrò níbẹ̀, ẹ má sì pè é ní olè, nítorí orúkọ tí ìyá bá fi ń pe ọmọ kì í pẹ́ mọ́ ọn lára.

Bí mo bá bi àwọn ọmọ tí mò ń múra sílẹ̀ fún Kómúníọ̀nù àkọ́kọ́ léèrè ohun tí ẹni tó jalè yóò ṣe, ohùn kan náà ni wọ́n máa ń fi dáhùn: “Yóò lọ jẹ́wọ́ fún Fáda.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì lórí òfin keje, “Ìwọ kò gbọ́dọ̀ jalè,” ni pé ẹni tó mú ohun olóhun gbọ́dọ̀ dá a padà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti nílò ọwọ́ yín, torí àpò yín ni owó náà ti jáde, kì í ṣe àpò tíṣà.

Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 ka ọmọ tó bá ti pé ọdún 7 sí ẹni tó lóye ohun tó ń ṣe. Ó ti tó san gbèsè. Ẹ jẹ́ kó bá yín ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ fún un lówó díẹ̀díẹ̀, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á padà sínú igbá ọjà títí yóò fi pé. Bó bá jẹ́ pé pankẹ́rẹ́ lẹ kọ́kọ́ nà sí i, irọ́ náà ni yóò tún sá sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ẹ má bínú sí i. Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Kátólíìkì, sọ ọ́ ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ọdún 1965 pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ. Mo mọ̀ pé ó jọ pé tíṣà ń gbé ẹrù tirẹ̀ lé yín lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń rí kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, tí gààrí inú rẹ̀ kò pé mọ́, ti rí òfin keje mìíràn ní ọjà. N kò sọ pé ẹ̀yin ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ kàn wo gbogbo kóńgò tó wà lórí àtẹ yín.

Nígbà tí ọmọ náà bá sì lọ jẹ́wọ́ fún Fáda, ẹ má bi í ní ohun tó sọ, ẹ má sì lọ bi Fáda, nítorí òfin Ìjọ kò fún un láyè láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìyá ọmọ pàápàá. Owó tó ń padà sínú igbá ni kí ẹ máa bá a kà.